Ògiri Àbọ̀: Kí Ni Ó Di Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Mú?

Ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ ìgbéga àti ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni a sábà máa ń kà nínú ìwé yìí, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ògiri ni. N kò sọ̀rọ̀ ògiri búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà ń mọ. Ògiri àbọ̀ ni mò ń wí, èyí tí egungun rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi bọ́ọ̀dù funfun bo ara rẹ̀, tí ó ga dé àyà ènìyàn tí kò sì kan àjà.

Láti Òkè-Àdó dé Mọ́lété, títí lọ sí Ring Road, ṣàṣà ni ọ́fíìsì tuntun, báńkì tàbí ilé oúnjẹ tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ kò ní bá ọ̀kan níbẹ̀. Ó ti wọ ilé iṣẹ́ tiwa náà. Òun ni wọ́n fi ń ya ibi tí a ti ń di ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára sítọ́ọ̀, òun ni wọ́n fi ń yí tábìlì akọ̀wé ká, òun sì ni àwọn èrò ń fara tì bí wọ́n bá ń san owó ọkọ̀ ní àwọn garéèjì tí ó lajú díẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ògiri bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, àfi bí aṣojú òṣìṣẹ́ bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó di ẹsẹ̀ ògiri náà mú, kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀dù bò ó. Bí wọ́n bá ti bò ó tán, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Gbogbo wọn ni ó dán, gbogbo wọn ni ó funfun, a kò sì lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó dúró ṣinṣin yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn gbé ara lé ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú irin tí ó jẹ́. Alágbẹ̀dẹ wa, iná ni ó fi ń rọ irin. Irin ńlá tí wọ́n fi ń ṣe òpó ilé iṣẹ́ náà, ó ń pọ́n yòò ni ó fi ń gba àárín rọ́là kọjá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ torí rẹ̀ dá ilé ìyírin mẹ́ta sílẹ̀ ní Òṣogbo, Jọ́s àti Kàtsínà. Irin tí à ń wí yìí kò rí iná bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Páànù ni. Ní tútù ni wọ́n ń gbé e gba àárín rọ́là tí wọ́n fi ń ká etí rẹ̀ títí ó fi dà bíi lẹ́tà C. Èyí tí wọ́n ń lò fún ògiri inú ilé sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju mílímítà 1 lọ. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú o. Ó fúyẹ́, ikán kò lè jẹ ẹ́, kì í gbiná bíi pákó, ọmọ iṣẹ́ méjì sì lè gbé èyí tí ó tó yàrá kan dé òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láàárín wákàtí kan. Bí a bá lò ó níbi tí ó yẹ, ohun dáradára ni.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á na irin ìtẹ́lẹ̀ kan sílẹ̀, ó rí bí ọpọ́n tóóró. Wọ́n á fi ìbọn ìṣó yin ìṣó gba inú rẹ̀ wọlẹ̀, tàbí kí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ kọnkéré. Wọ́n á wá ki ẹsẹ̀ àwọn òpó pẹlẹbẹ bọ inú ọpọ́n náà, wọ́n á sì fi sìkúrúù kéékèèké so wọ́n pọ̀. Bí ògiri náà bá dé òkè, wọ́n á na irin bẹ́ẹ̀ kejì mọ́ abẹ́ àjà kọnkéré, orí àwọn òpó á wọ inú tirẹ̀ náà.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ń kó ẹrù, ẹ mọ ẹrù gíga tí a so ní ìsàlẹ̀ tí a tún so lókè. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ́ kọ́nà, ó lè mì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dojú dé. Bí ògiri tí ó kan òkè ti rí nìyẹn. Bí ènìyàn bá fara tì í ní àárín, ilẹ̀ gba tirẹ̀, òkè gba tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ìṣó ìsàlẹ̀ ń ṣe kò ju pé kí ẹsẹ̀ ògiri má yọ̀ kúrò lójú kan lọ. Ìdí nìyí tí ìṣó kéékèèké fi tó fún un.

Ṣùgbọ́n ògiri àbọ̀ kò ní òkè tí yóò dì mú. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó ní. Ẹ rántí ohun tí a máa ń ṣe bí nọ́ọ̀tì táyà bá le koko: a ó ki páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sípánà, a ó sì fi ìwọ̀nba agbára ti ìdí páìpù náà. Nọ́ọ̀tì tí géńdé méjì kò lè tú, ọmọ mọ́tò kan á tú u. Ògiri àbọ̀ ni páìpù gígùn yẹn; ìṣó tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, irú èyí tí a ń ṣe ní kíláàsì alẹ́. Ká ní ògiri náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, íǹṣì 48 nìyẹn. Ká ní irin ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 4, tí bóòtù sì wà ní àárín gbùngbùn. Íǹṣì 2 péré ni ó wà láàárín bóòtù àti etí tí ògiri fẹ́ gbà yí. Ẹ pín 48 sí ọ̀nà 2, ó di 24. Bí ẹnìkan bá fi agbára kílò 30 ti orí ògiri náà, kílò 720 ni yóò máa fa bóòtù tí ó wà nítòsí rẹ̀ sókè. Ẹni tí ó bá sanra díẹ̀, tí ó sinmi lé e, lè ti kílò 30 láì mọ̀ pé òun ń ti nǹkan kan. Bí bóòtù méjì tàbí mẹ́ta bá pín in gbé, ó ṣì pọ̀ jù fún ìṣó tí kò wọlẹ̀ ju íǹṣì kan lọ.

Bóòtù nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ bọ́ọ̀sì, ẹ ti rí àga tí ó tú kúrò nílẹ̀ ọkọ̀ rí. Ìgbà mìíràn ẹ ó bá bóòtù rẹ̀ tí ó pé pérépéré, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Bóòtù kò já. Páànù ilẹ̀ ọkọ̀ ni ó ya. Wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ kì í dì í padà bẹ́ẹ̀. Yóò fi irin tí ó nípọn tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí ó tó dì í. Irin ìtẹ́lẹ̀ ògiri àbọ̀, páànù ni òun náà. Bí a bá ti orí ògiri, òpó á gbé etí irin ìtẹ́lẹ̀ sókè, irin náà á wú bí ìdérí agolo, ògiri á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì kí ìṣó tó yọ rárá.

Ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí mo ti ṣe aṣojú òṣìṣẹ́, ògiri onírin pẹlẹbẹ kan wà láàárín ibi ìdìjà àti sítọ́ọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ó kan òkè. Màníjà tuntun kan dé, ó ní òun fẹ́ máa rí àwọn òṣìṣẹ́ láti inú ọ́fíìsì òun. Ọjọ́ Sátidé kan báyìí ni wọ́n gé ògiri náà kù dé àyà. Wọ́n fi igi dáradára kan bo orí rẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Òru ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ìdìjà fẹ̀yìn tì í kí ó lè gbọn òkúta kúrò nínú bàtà rẹ̀, ògiri sì bá a lọ. Apá sítọ́ọ̀ ni ó wó sí, ó ká ọmọkùnrin kan tí ó gbé páálí mọ́bẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Nígbà tí a gbé ògiri náà dìde, ìṣó rẹ̀ ti fa símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ilẹ̀ jáde, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí iṣu tuntun tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ìṣó náà kò dé kọnkéré rárá.

Kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì? Kúẹ́rì ni wọ́n kọ fún obìnrin náà. Wọ́n ní kí ó wá sọ ìdí tí ó fi fara ti dúkìá ilé iṣẹ́. Ẹgbẹ́ dá sí i, wọ́n fa kúẹ́rì náà ya, wọ́n sì san owó ilé ìwòsàn ọmọkùnrin náà. Ògiri ńkọ́? Wọ́n gbé e padà sójú kan náà, wọ́n sì fi ìṣó kún ìṣó. Ìyẹn gan-an ni ó ń bí mi nínú di òní. Ìṣó 20 tí ó tò ní ìlà kan ní àárín irin ìtẹ́lẹ̀, nínú símẹ́ńtì ìrẹ́lẹ̀ tí kò nípọn, kò yanjú ohunkóhun.

Ènìyàn yóò fara ti ògiri tí ó ga dé àyà. Ara ènìyàn ni. Yóò gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e bí ó bá ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, yóò gbé páálí lé orí rẹ̀ kí ó lè sinmi, èrò 10 yóò sì rọ́ lù ú bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ tí kò ro èyí mọ́ ọn, òun ni kúẹ́rì tọ́ sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé mo ń sọ eèrà di erin, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a máa ń rò pé nǹkan gbogbo wà létòlétò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Júláì 2016, ní Nechells ní ìlú Birmingham, àwọn ọkùnrin 5 ń palẹ̀ ibi ìkẹ́rù mọ́ nínú ilé iṣẹ́ tí ń sọ irin àlòkù di tuntun. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa ni wọ́n, láti Gambia àti Senegal. Ògiri búlọ́ọ̀kù kọnkéré ńláńlá ni wọ́n fi pín ibi ìkẹ́rù náà. Wọ́n kàn tò wọ́n léra ni, wọ́n sì to irin sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri náà wó, ó pa àwọn márààrún. Ó di 2022 kí ilé ẹjọ́ tó dá wọn lẹ́bi. Ní 2023 wọ́n bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ méjì, wọ́n sì rán ọ̀gá méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 9. Ọdún méjì ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 1 oṣù Épírì 2014, ní Liberton High School ní Edinburgh, ògiri kan tí ó dá dúró nínú yàrá tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń pààrọ̀ aṣọ wó pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12.

Lóòótọ́, ògiri Birmingham wúwo, kì í ṣe irin pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé orí wọn kò so mọ́ ibi kankan. Èyí tí ó wúwo lè gbé ara lé ìwúwo rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí ó fúyẹ́ kò ní ìyẹn pàápàá.

Ẹ lọ wo àwọn ilé àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù ní Bẹẹrẹ, ní Mapo àti ní Ọjà'ba. Ògiri kékeré tí ó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, ògiri àbọ̀ ni òun náà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó nípọn débi pé bàbá àgbà lè jókòó lé e, òpó sì há a mọ́ra ní ọ̀tún àti ní òsì. Àwọn tí ó mọ ọ́n kò ka ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ohun tí kò bá ní orí, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbòòrò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, kò sì wọ́n jù. Èyí tí ó dára jù ni pé kí wọ́n ri òpó irin gidi mọ́ àárín ògiri náà, irú páìpù onígun mẹ́rin tí ó nípọn, ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 4 síra wọn. Kí wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn mọ́ ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, kí bóòtù 2 wà ní apá ọ̀tún, 2 ní apá òsì. Ká ní irin ìdí náà fẹ̀ ní íǹṣì 8, tí bóòtù tí ń fà sì jìnnà ní íǹṣì 7 sí etí kejì. Kílò 30 ìṣáájú yẹn á di nǹkan bíi 206, bóòtù méjì ni yóò sì pín in gbé, bíi kílò 103 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí wé 720. Ìdí tí ó gbòòrò ni ó ṣe ìyàtọ̀, kì í ṣe ọ̀pọ̀ ìṣó.

Bóòtù náà gbọ́dọ̀ la táìsì àti símẹ́ńtì ìrẹ́lẹ̀ kọjá, kí ó wọ kọnkéré gan-an. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí kọnkéré jù, kí etí má baà ya. Kí wọ́n sì fẹ́ eruku inú ihò jáde kí wọ́n tó ki bóòtù bọ̀ ọ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n bóòtù tí ó jókòó lórí eruku, eruku ni ó dì mú.

Bí àyè bá wà, kí wọ́n ṣẹ́ ògiri náà ní igun bíi lẹ́tà L tàbí U. Ẹ mú páálí pẹlẹbẹ kan kí ẹ gbé e dúró lórí tábìlì, yóò wó. Ẹ ká a láàárín, yóò dúró. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, kí díẹ̀ nínú àwọn òpó rẹ̀ gùn dé òkè, kí wọ́n so wọ́n mọ́ àjà kọnkéré. Kò ní dí ojú màníjà tí ó fẹ́ máa wo ènìyàn.

N kò dá àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń ṣe ògiri náà lẹ́bi. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, owó ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà. Kọ̀ǹtírátọ̀ kó ìṣó fún wọn, ìṣó náà ni wọ́n yìn. Nínú àwòrán iṣẹ́ mìíràn, ògiri àbọ̀ kò ju ìlà méjì lọ, kò sí ohun tí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó yà á rò pé ohun tí ó kúrú kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹnjiníà ni ó yẹ kí ó fọwọ́ sí bí wọn yóò ṣe dì í, kí a sì rí ìwé náà.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ kọ́ nìyí, owó ni kí a máa jà fún. Mo ti gbọ́ ọ ní ìpàdé, mi ò sì gbà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ kò lè ṣe ofatáìmù. Láti 1978 ni òfin ti fún aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Britain ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ibi iṣẹ́ wò fúnra rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, èyí tí wọ́n ṣe ní 1981, ní ọdún 1994. Àdéhùn náà dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó bá kúrò níbi tí ó ní ìdí pàtàkì láti gbà pé ewu ńlá wà fún ẹ̀mí tàbí ìlera rẹ̀. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 sì wà, àwọn alábẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ ni ó ń mú un ṣẹ. Ìjàǹbá tí ó bá pa ènìyàn, tàbí tí kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju ọjọ́ 3 lọ, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí.

Ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú náà kò ṣókùnkùn mọ́ láti ìgbà tí òfin 2010 ti dé. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san náírà 1 lórí náírà 100 gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wa. Òfin náà kò ní kí ẹni tí ó farapa kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀gá ni ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi ìjàǹbá náà tó agbanisíṣẹ́ létí, ọjọ́ 7 sì ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi tó àjọ náà létí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi paracetamol àti ọ̀rọ̀ dídùn jẹ ọjọ́ yín tán.

Ní báyìí, ohun tí mo ń bẹ aṣojú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ láti ṣe kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé nìyí. Kí ó ka gbogbo ògiri àbọ̀ tí ó wà ní ẹ̀ka rẹ̀. Kí ó wo èyí tí ó ti kan òkè rí tí wọ́n gé kù, kí ó fi àmì sí i lọ́tọ̀, nítorí irú wọn ni mo ń bẹ̀rù jù. Kí ó dúró ní ìkangun ògiri, níbi tí kò bá igun kankan pàdé, kí ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í jẹ́jẹ́ lókè, kí ẹnìkejì sì máa wo ìsàlẹ̀. Bí ìlà bá là láàárín ògiri àti ilẹ̀, tàbí bí ọ̀dà bá ti sán níbẹ̀, kí wọ́n má tì í mọ́. Kí wọ́n kó tábìlì àti ènìyàn kúrò nítòsí rẹ̀ ní apá méjèèjì, kí wọ́n sì kọ̀wé sí màníjà lọ́jọ́ náà, kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka wa. Ẹ kọ gíga ògiri náà, gígùn rẹ̀, ohun tí wọ́n gbé lé e lórí àti iye ènìyàn tí ń jókòó tì í. Bí màníjà bá ní ẹnjiníà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kí ó mú ìwé rẹ̀ jáde.